Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Tí A Kò Lò Mọ́: Kí Onílé Dí I

Ohun kan wà ní ẹ̀yìn àwọn ilé ńláńlá kan ní ìlú wa tí kì í hàn sí ẹni tí ń kọjá lọ ní òpópónà, nítorí pé odi gíga ni ó yí i ká. Ohun náà ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi kọnkéré ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní púùlù. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ní adágún sí ilé rẹ̀. Ẹni tí ó ń wẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó ń fọ̀ ọ́, tí ó ń da oògùn sí i déédéé, tí ó sì ṣe ọgbà yí i ká kí ọmọdé má baà já sínú rẹ̀, kí ó máa gbádùn ohun tí Ọlọ́run fi fún un. Ọ̀rọ̀ wa ti òní kan àwọn tí adágún wọn ti di òkú omi: tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́, tí táìlì rẹ̀ ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú omi rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ fún irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ kò gùn: bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ẹ dí i.

A mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí náírà kan sì níye lórí ju dọ́là kan lọ, ẹni tí ó bá ń kọ́lé sí Ìkòyí, sí Ìkẹjà, tàbí sí Bódìjà ní Ìbàdàn, lè fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kún un láìronú púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí iye náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kílórìn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi di ohun tí a ń fi owó gọbọi rà. Ẹ̀rọ tí ń fa omi náà kọjá nínú asẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ kí omi tó lè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kò dúró. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo pẹtiróòlù, ta ni yóò máa fi jẹnẹrétọ̀ fa omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀? Bàbá tí ó kọ́ ilé ti re ibi àgbà ń rè. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká: ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan wà ní Àbújá. Ìyá arúgbó àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni ó kù sílé. Báyìí ni omi ṣe di aláìní olùtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ohun tí à ń sọ yìí ti tóbi tó. Adágún tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan àbọ̀ bí a bá da ibi jíjìn pọ̀ mọ́ ibi tí kò jìn, yóò gba omi lítà 75,000. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pọn ọ́n, kẹ́ẹ̀gì 3,000 ni. Ní ìlú tí àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ń tò sí ìdí kànga dẹ̀rọ ní ìdájí kí wọ́n tó lọ sí ọjà àti ilé ẹ̀kọ́, omi kẹ́ẹ̀gì 3,000 ń rà ní ẹ̀yìn odi. Bí onílé bá sì sọ pé òun ti fa gbogbo omi náà dànù, tí ó fi kòtò sílẹ̀ ní òfìfo, iṣẹ́ kò tí ì parí. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan máa ń tó nǹkan bí mílímítà 1,200. Èyí tí yóò rọ̀ tààrà sínú kòtò náà nìkan á tó nǹkan bí lítà 60,000 lọ́dún, kí oòrùn tó fà á. Kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lu yóò máa gba omi ní gbogbo ìgbà òjò, yálà onílé fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Láti ọdún 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn, kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tí ó bá sọ pé oòrùn tàbí epo ni ó ń fa ibà. Láti ẹyin di tanwíjí, láti tanwíjí di ẹ̀fọn tí ń fò, kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri sì fẹ́ràn omi òjò tí kò jìn, tí oòrùn ń ràn sí, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ń dúró ní ìsàlẹ̀ kòtò tí a fà gbẹ lápá kan. Nínú ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní WHO, nípa ọdún 2023, nínú gbogbo ènìyàn mẹ́rin tí ibà mú ní ayé, ó tó ẹnì kan tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹ̀fọn tí a bí ní ẹ̀yìn odi kì í jókòó sí ẹ̀yìn odi. Ó ń fò lọ sí ilé aránṣọ, ó ń fò lọ sí yàrá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ń fò lọ sí ibi tí kò sí àwọ̀n ní ojú fèrèsé. Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Níhìn-ín, ẹ̀fọn gan-an ni kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn.

Àwọn àgbà tí ó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1950 kò tí ì gbàgbé wọléwọlé. Bí wọléwọlé bá dé àgbàlá, yóò ṣí ìkòkò omi, yóò wo inú agolo àti igbá tí ó ti fọ́. Bí ó bá rí tanwíjí, ìyá tí ó ni ìkòkò yóò san owó ìtanràn. Ìkòkò náà lè má gbà ju omi ìmumi ọjọ́ méjì lọ. Ní ọjọ́ òní, ta ni ó ń wo ẹ̀yìn odi olówó, níbi tí lítà 75,000 wà? Bí òfin bá lè bá aláìní wí nítorí ìkòkò kan, kò yẹ kí ó fojú fo adágún kan nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ irin, tí mẹ́gáàdì sì jókòó sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé wa nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2007, ní agbègbè Bakersfield ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè san owó tí wọ́n yá láti fi ra ilé mọ́, wọ́n sì kó jáde. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìn ilé láìní olùtọ́jú. Nígbà tí a wo agbègbè náà láti inú ọkọ̀ òfuurufú, a rí i bí ọ̀pọ̀ adágún ti di aláwọ̀ ewé. Ní ọdún kan náà, àìsàn West Nile, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, mú ènìyàn púpọ̀ ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ, àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀ràn náà wò sì tọ́ka sí àwọn adágún wọ̀nyí. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí òjò kò pọ̀, kí ni kí a sọ nípa ilẹ̀ tiwa?

Ewu kejì burú ju ti ẹ̀fọn lọ, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà. WHO kéde ní ọdún 2024 pé ó tó nǹkan bí 300,000 ènìyàn tí ó kú sínú omi ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Kì í ṣe inú adágún ẹ̀yìn ilé ni gbogbo wọn ti kú. Odò, kànga àti òkun pa èyí tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀ láàrín omi tí a ń tọ́jú àti omi tí a pa tì. Omi tí ó ní àwọ̀ ewé kò jẹ́ kí a rí ìsàlẹ̀. Bí ọmọ bá já sínú rẹ̀, ẹni tí ń wá a lè kọjá ní etí rẹ̀ láìmọ̀. Kòtò tí ó ṣófo pẹ̀lú, tí jíjìn rẹ̀ tó mítà méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré, lè ṣẹ́ ọrùn ẹni tí ó bá kọsẹ̀ sínú rẹ̀ ní òkùnkùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ilé náà kò sì gbọdọ̀ wà nílé kí irú kòtò bẹ́ẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Àwa mọ èsì tí àwọn onílé ń fọ̀. Èkíní ni pé bí àwọn bá dí i, ayé yóò sọ pé owó ti tán lọ́wọ́ àwọn. A béèrè: èwo ni ó buyì kún ilé, ọgbà tútù tí ewébẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí kòtò tí ń rùn? Èkejì ni pé nǹkan ń bọ̀ wá dára, àwọn yóò sì tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n dá ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè sọ pé ọdún yìí ni òun yóò tún un ṣe, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa fi ara àwọn aládùúgbò dúró dè é.

Ẹ̀kẹta ni ó nípọn jù, èyíinì ni pé ogún bàbá ni. Nínú ilé ẹbí, kò sí ẹnì kan tí ó lè dá nǹkan wó láìsí ìmọ̀ràn àwọn ìyókù, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń ṣe bojúbojú. Èyí tí ó wà ní òkè òkun ní kí a má fọwọ́ kan ohun tí bàbá ṣe. Kò sì fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́ rí. Èyí tí ó wà nílé ń gbọ́ igbe ẹ̀fọn, kò sì ní àṣẹ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olórí ẹbí pe ìpàdé, kí ó sì gbé ìbéèrè kan ṣoṣo kalẹ̀: ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú adágún yìí láti oṣù tí ń bọ̀? Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ìdáhùn ti dé. Kí wọ́n kọ ìpinnu wọn sílẹ̀, kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì dáwó. Owó tí ẹbí ń ná lórí aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ ìrántí bàbá yóò ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bàbá kò gbẹ́ kòtò náà kí ó lè pa ọmọ ẹlòmíràn.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí a ń gbà dí i. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kòtò tí a bá dí bí ẹni tí ń da ìdọ̀tí nù, yóò tún ṣí. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a ṣe é ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí rẹ̀ ni pé omi wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá ní Èkó àti ní ibi tí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀. Bí a bá fa omi inú adágún tán nígbà tí omi inú ilẹ̀ kún, omi ìsàlẹ̀ lè ti gbogbo kọnkéré náà sókè bí ọkọ̀ ojú omi, ó sì lè fọ́ odi àti ọ̀nà omi tí ó wà nítòsí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí oníṣẹ́ iná gé wáyà ẹ̀rọ kúrò láti orísun rẹ̀. Kí a má da omi náà sí ẹsẹ̀ odi aládùúgbò. Bí kílórìn bá sì wà nínú rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó fò lọ kí a tó dà á sí gọ́tà, nítorí pé ó ń pa ẹja àti ewéko.

Lẹ́yìn èyí, kí a lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò ńláńlá ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá ní ibi tí ó jìn jù. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ kánjúkánjú máa ń fò. Bí a bá da ilẹ̀ sórí kọnkéré tí kò lu, òjò yóò wọlé, kò sì ní rí ibi jáde. Ilẹ̀ náà yóò di ẹrẹ̀, bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwo. Kí a tún wó apá òkè ògiri rẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 sísàlẹ̀, kí gbòǹgbò ewéko lè rí ààyè. Òkúta tí a wó náà lè wọ ìsàlẹ̀ kòtò, bí a bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Lórí rẹ̀ ni a ó da yanrìn àti ilẹ̀ pupa sí, ní ìpele-ìpele tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, nǹkan bí gígùn ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. A ó gún ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa kí èkejì tó gùn ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń lu ilẹ̀ ilé láyé àtijọ́. Igi, aṣọ àkísà àti pàǹtírí kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀, nítorí pé wọn yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì rì. Adágún tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí yóò gbà tó típà 15 tí ó ń ru mítà kúbíìkì 5; nítorí pé ilẹ̀ ń wọ̀ bí a ti ń gún un, kí onílé fi ojú sí 20.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé sórí ibẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Kò gbọdọ̀ dí i báyìí. Ó ní láti hú gbogbo kọnkéré náà jáde, kí ẹnjiníà sì yẹ ilẹ̀ wò kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lé e. Bí onílé bá sì fẹ́ tà á, kí ó sọ fún ẹni tí ń rà á pé adágún wà níbẹ̀ rí, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé. Ẹni tí ó bá pa á mọ́ ti gbẹ́ kòtò mìíràn fún ọmọlákejì rẹ̀.

Kí ni a ó wá fi ààyè náà ṣe? Lẹ́yìn ìgbà òjò kan, nígbà tí ilẹ̀ bá ti jókòó tán, tí a sì ti fi ilẹ̀ dúdú bò ó lójú, ààyè mítà onígun mẹ́rin 50 náà yóò gba ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti ata tó ohun tí ìdílé kan lè jẹ, tí wọn yóò sì fún aládùúgbò nínú rẹ̀. Tàbí kí a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bíi 8 síbẹ̀. Kí a má gbin ìrókò tàbí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jìn, nítorí kọnkéré tí ó kù nísàlẹ̀. Ibi ìṣeré àwọn ọmọ kò burú pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá fẹ́ dí i rárá lè sọ ọ́ di àmù ńlá fún omi òjò orí òrùlé, bí ẹnjiníà bá ṣe ìdérí kọnkéré tí ó lágbára sí i, tí ẹ̀fọn àti ọmọdé kò lè wọ̀. Tàbí kí ó sọ ọ́ di adágún ẹja àrọ̀, bí ó bá ní ẹni tí yóò máa bọ́ ẹja tí yóò sì máa pààrọ̀ omi. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tòótọ́: ẹni tí kò rí ààyè tọ́jú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ṣé yóò rí ààyè tọ́jú ẹja?

Sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó yín sí àwọn àgbàlá ńláńlá gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rán wọn sí ọjà àti sí ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Kí wọ́n fún onílé tí adágún rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ìwé àti ọjọ́: kí ó tún un ṣe, kí ó dé e, tàbí kí ó dí i. Bí ọjọ́ bá pé tí kò ṣe é, kí ó san owó ìtanràn bí ìyá onìkòkò ti ń san án. Kí ọ́fíìsì tí ń buwọ́ lu àwòrán ilé sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń gbẹ́ adágún tuntun pé ọgbà wo ni yóò yí i ká, àti níbo ni omi rẹ̀ yóò máa ṣàn sí.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin onílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ má dúró títí ẹkún yóò fi sọ ní àgbàlá kí ẹ tó ránṣẹ́ pe onítípà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ fi owó ránṣẹ́ sílé, kí ẹ sì fún ẹni tí ó wà nílé ní àṣẹ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ tó kọjá, kí kòtò náà ti di ilẹ̀.